Kí o tó wọ bákẹ́rì lọ nítorí asáínmẹ́ǹtì

Ní yunifásítì àti pólì ilẹ̀ wa, ẹni tó ń kọ́ físíìsì á ṣe kọ́ọ̀sì ìdásílẹ̀ òwò, ẹni tó ń kọ́ ìtàn náà á ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé inú kíláàsì ni wọ́n wà, kò le. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá ní, "Ẹ lọ bá oníṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ béèrè bó ṣe ń ṣe é àti iye tó ń ná an, ẹ kọ ọ́ wá," ọjọ́ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ya lu bákẹ́rì kan ṣoṣo tó wà nítòsí géètì. Ẹni tó kọ́kọ́ dé rí ìdáhùn. Ẹni tó dé lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kó lọ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti wá. Ló bá padà sí yàrá, ó jókòó, ó ń ro iye owó látinú orí ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n rò látinú orí kì í fara pamọ́. Gbogbo iye inú rẹ̀ á parí sí òdo: àpò 10, òṣìṣẹ́ 5, èrè ₦500,000 lóṣù. Oníbákẹ́rì gidi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Àpò mẹ́rin ni à ń pò, àmọ́ bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ a máa ń pò márùn-ún, bí òjò bá sì ń rọ̀, mẹ́ta ni." Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ń wá.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ́wọ́ nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí. Oníṣẹ́ kì í kọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè nípa owó tó ń wọlé fún un ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kí o lọ béèrè, àti iye ẹrù, àti iye wákàtí. Bí o bá gba ìwọ̀nyí pé, owó á jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá jókòó ti kalikulétọ̀ rẹ. Màá fi bákẹ́rì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀ jù.

Àpò fúláwà kan jẹ́ kílò 50. Ká ní ọ̀gá kan sọ fún ọ pé sí àpò kan, òun ń da omi lítà 26, ṣúgà kílò 6, bọ́tà kílò 2, iyọ̀ gíráàmù 600 àti yíìsì gíráàmù 400. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ro ó pọ̀: 50, 26, 6, 2, 0.6 àti 0.4. Ó jẹ́ kílò 85 fúláwà pípò. Nísinsìnyí, béèrè ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gé e kí wọ́n tó fi sínú agolo. Bó bá jẹ́ gíráàmù 600, kílò 85 á bí búrẹ́dì 141. Yọ márùn-ún kúrò fún èyí tó jóná, èyí tó fọ́ àti èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi mu tíì. Ó ku 136. Àpò mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ búrẹ́dì 544. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó di 3,264. Bí a bá fi ₦1,000 ṣe iye tí wọ́n ń kó o fún alágbàtà (kí ìṣirò lè rọrùn ni mo ṣe mú iye yẹn, kì í ṣe iye ọjà), owó tó wọlé lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦3,264,000. Wò ó, o ti mọ owó tó ń wọlé, o kò sì bi ọ̀gá náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa mú un fura.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nínú ìṣirò yìí ni ìwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ á ra búrẹ́dì tó ti jinná, á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á bá a ní nǹkan bíi gíráàmù 530, á wá fi 530 pín kílò 85. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ 160. Irọ́ ni. Nínú ààrò, omi máa ń fẹ́ lọ kúrò lára fúláwà, tó fi jẹ́ pé búrẹ́dì á fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, fúyẹ́ ju ìgbà tí wọ́n gé e lọ. Ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n gé e ní tútù ni kí o fi pín, kì í ṣe ìwọ̀n tó jáde láti inú ààrò. Búrẹ́dì 19 lórí àpò kan ni àṣìṣe yẹn fi kún un. Lórí àpò mẹ́rin, búrẹ́dì 76 tí kò sí níbì kankan ló ń wọ inú ìwé rẹ lójoojúmọ́.

Ààrò náà ni kí o fi yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ka iye agolo tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì béèrè iye ìṣẹ́jú tí búrẹ́dì ń lò nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n fi ń kó o wọlé tí wọ́n fi ń kó o jáde. Bí ààrò bá gba agolo 120, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì gba ogójì ìṣẹ́jú, búrẹ́dì 544 á wọ ààrò lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí ẹnìkan bá sọ pé àpò ogún ni àwọn ń pò lójúmọ́ pẹ̀lú ààrò kan náà, búrẹ́dì 2,720 nìyẹn, ìgbà 23 nínú ààrò, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láì sinmi. Má pè é ní onírọ́ o. Ó lè jẹ́ pé ààrò kejì wà lẹ́yìn, tàbí pé àpò ogún lọ́sẹ̀ ló ní lọ́kàn. Padà lọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, mo ṣírò rẹ̀, kò jọra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò gbọ́ dáadáa?" Inú wọn máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn, torí ó fi hàn pé o fetí sílẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni fún àwọn iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 ni ìpìlẹ̀: búlọ́ọ̀kù mélòó ló ń jáde nínú rẹ̀, bárò iyanrìn mélòó ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ télọ̀, yáàdì ni. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ mọ́tò, iye mọ́tò láàárín aago mẹ́jọ sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, o sì lè jókòó kà á fúnra rẹ.

Ta ni kí o lọ bá, ìgbà wo sì ni

Fi bákẹ́rì ẹnu géètì sílẹ̀. Ó ti sú wọn. Wọ ọkọ̀ kúrò ládùúgbò ilé-ìwé, lọ sí ibi tí wọn kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé iléeṣẹ́ púpọ̀ lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, alága ẹgbẹ́ ni kí o kọ́kọ́ lọ kí. Àwọn oníbákẹ́rì ní ẹgbẹ́ tiwọn, Association of Master Bakers and Caterers of Nigeria, tó ní ẹ̀ka káàkiri. Àwọn mẹkáníìkì ní NATA. Nínú ọjà, Ìyálọ́jà ni, tàbí olórí àwọn tó ń ta irú ọjà yẹn. Bí alága bá bu ọwọ́ lu lẹ́tà rẹ, tàbí tó pe ẹnìkan lórí fóònù pé, "Ọmọ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ dá a lóhùn," ilẹ̀kùn tó lè gbà ọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta á ṣí lọ́jọ́ kan.

Ọ̀dọ̀ alága yìí náà ni o ti máa rí iye ọmọ ẹgbẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń dọ́gbọ́n sí nígbà tí wọ́n bá ń kọ pùrójẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ń lo ìlànà Yamane tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye ẹni tó yẹ kí o bi léèrè, iye gbogbo ni o máa pín pẹ̀lú ọ̀kan tí o fi iye gbogbo lọ́nà 0.0025 kún, bí àṣìṣe tí o fàyè gbà bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bákẹ́rì 120 á fún ọ ní 92. Àmọ́ bó bá jẹ́ 14 péré ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, ìlànà náà á sọ pé 13 àti ààbọ̀. Má yọ ara rẹ lẹ́nu pẹ̀lú ìlànà mọ́, lọ bá gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Àkókò ṣe pàtàkì ju bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò lọ. Òru mọ́jú ni bákẹ́rì ń yan búrẹ́dì. Àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ ń kó o jáde. Ẹni tó bá dé ní aago méje bá wọn nínú ìdààmú, wọ́n á sì lé e. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán, ọ̀gá ti ṣírò owó tán, àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ agolo. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń dùn. Má lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, má lọ lọ́sẹ̀ tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, má lọ lọ́jọ́ ọjà.

Lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ àkọ́sọ

Gba lẹ́tà láti ẹ̀ka rẹ, lórí ìwé tó ní orúkọ ilé-ìwé lókè, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé HOD. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ rẹ, nọ́ńbà matric, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kóòdù kọ́ọ̀sì, ohun tí o fẹ́ mọ̀ ní gbólóhùn méjì, ọjọ́, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka tí wọ́n lè pè bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti pé ilé-ìwé nìkan ni o máa lo ọ̀rọ̀ náà fún. Tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́ta. Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ oníṣẹ́, wọ́n á fọwọ́ sí ọ̀kan fún ọ pé àwọn gbà á, ẹ̀kẹta ti alága ẹgbẹ́ ni. Lẹ́tà tí kò ní ọjọ́ tàbí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti pa rẹ́ kò wúlò fún nǹkan kan.

Mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lójú oníbákẹ́rì, àjèjì tó gbé bírò àti ìwé dání lè jẹ́ agbowó-orí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí bákẹ́rì kejì rán wá, tàbí NAFDAC. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ: bromate, kẹ́míkà tí àwọn kan ń pò mọ́ fúláwà kí búrẹ́dì lè wú. NAFDAC ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sínú búrẹ́dì. Bí o bá béèrè pé, "Ṣé ẹ ń lò ó?" kò sẹ́ni tó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìjókòó náà sì ti parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ohun tí pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ dá lé nìyẹn, ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú títì, kí o gbé e lọ sí láàbù. Ìbéèrè ẹnu kò lè sọ ọ́ fún ọ.

Wọ́n sì tún lè rò pé IT, ìyẹn ìdánrawò akẹ́kọ̀ọ́ níléeṣẹ́, lo wá ṣe. Láti ọdún 1973 tí ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti dá SIWES, ètò IT yìí, sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé lẹ́tà wá nìyẹn: ẹni tó fẹ́ jókòó tì wọ́n fún oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí wọ́n á máa bu ọwọ́ lu logbook rẹ̀. Sọ ọ́ kíákíá pé kì í ṣe ìyẹn.

Kíkí ṣe kókó. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń kí i, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti di ọmọ ilé kó tó jókòó. "Ojú gbooro o" ni fún onídìrí. Lọ́dọ̀ àwọn aláró ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, "Àrẹdú o" ni. "Ajé á wọ̀gbá o" fún ọlọ́jà, "Àroko bọ́dún dé o" fún àgbẹ̀. Ní bákẹ́rì, "Ẹ kú iṣẹ́ o" tó. Lẹ́yìn náà, báyìí ni kí o sọ ọ́:

"Ẹ káàsán mà. Ọmọ pólì ni mí. Wọ́n ní ká wá mọ bí wọ́n ṣe ń po búrẹ́dì títí yóò fi jinná. Kì í ṣe IT ni mo wá ṣe, kò sì kan ọ̀rọ̀ owó-orí rárá. Lẹ́tà tí wọ́n fún wa rèé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lọ́wọ́ yín máa ń dilẹ̀ kí n padà wá, ogún ìṣẹ́jú péré?"

Ìparí rẹ̀ yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Má ṣe béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí o ní kó yan ọjọ́ fún ọ, ó ti gbà láti dá ọ lóhùn. Púpọ̀ nínú wọn á tiẹ̀ sọ pé, "Jókòó, béèrè nísinsìnyí." Ra búrẹ́dì kan kí o tó máa lọ. Kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, oníbàárà ni o.

Ìbéèrè ní èdè tí oníṣẹ́ ń sọ

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó dára ti ń yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ìwé ìbéèrè ojú ewé mẹ́rin wá, èyí tó kún fún "Mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò gbà," á fi síwájú obìnrin tó ti po fúláwà fún ogún ọdún. Ìwé yẹn kò lè mú ìmọ̀ rẹ̀ jáde. Fi í sílẹ̀ ní ilé. Jókòó, kí o béèrè lẹ́nu, ní Yorùbá bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ, kí o sì túmọ̀ ohun tí ìwé kọ́ ọ sí ohun tí ojú rí.

Má béèrè pé kí ni capital wọn. Béèrè pé, "Bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú èyí lónìí, kí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà?" Ẹ̀rọ ìpofúláwà, rólà, agolo, ààrò, gẹnẹrétọ̀: wọ́n á kà á fún ọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ èyí tó ṣeé rà ní àlòkù àti èyí tí kò yẹ kéèyàn ra àlòkù rẹ̀. Fún ohun tí ìwé ń pè ní depreciation, ìyẹn bí iye ẹ̀rọ ṣe ń dín kù bó ṣe ń gbó, béèrè pé, "Ọdún mélòó ni ẹ̀rọ yìí ti wà níbí? Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀? Ọdún mélòó lẹ rò pé ó kù fún un?" Mẹ́wàá ló ti lò, márùn-ún ló kù: pín iye tí wọ́n fi rà á sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o ti rí ti ọdún kan. Dípò kí o béèrè gbèsè, béèrè iye búrẹ́dì tí àwọn alágbàtà ń kó láwìn àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án. Dípò àdánù, béèrè pé, "Búrẹ́dì tó padà wá láti ọjà, kí lẹ ń fi í ṣe?"

Ti ìdáná àti iná mànàmáná, má gba "ó pọ̀ gan-an" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ọkọ̀ igi mélòó ni wọ́n ń jó lóṣù? Lítà dísù mélòó lójúmọ́, fún wákàtí mélòó? Band wo, ìyẹn ìpele wákàtí iná, ni iléeṣẹ́ iná fi wọ́n sí? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti gbé owó Band A sókè, fún àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ní iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán. Bákẹ́rì méjì tó wà lójú títì kan náà lè ná owó tó yàtọ̀ síra pátápátá nítorí wáyà tó gbé iná wá fún wọn.

Béèrè pé àwọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́, kí o tún béèrè pé, "Yàtọ̀ sí àwọn tí ẹ ń sanwó fún ńkọ́?" Ọkọ ló ń wa ọkọ̀, ìyàwó ló ń gba owó, ọmọ méjì ló ń fọ agolo lẹ́yìn ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, nítorí náà èrè náà dà bíi pé ó ga. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ tó sì lọ dá bákẹ́rì sílẹ̀ kò ní ìyàwó àti ọmọ wọ̀nyẹn. Ó máa gba èèyàn mẹ́rin ni. Kọ owó wọn sílẹ̀ ní iye tí wọ́n á fi gba àjèjì sí iṣẹ́ náà, kí o sì ṣàlàyé pé ìwọ lo fi kún un.

Mú òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé ìdáná. Ṣúgà "kọ́ńgò mẹ́rin" kò tíì di ìwọ̀n. Kọ́ńgò ọlọ́jà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíì, pàápàá èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Gba àyè, wọn kọ́ńgò tiwọn gan-an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o mú èyí tó wà láàárín. Omi ńkọ́? Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń bù ú, ibi tó sì ń dé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò dé etí rẹ̀. Wo àmì tí ọwọ́ wọn mọ̀, kí o fi ìgò omi lítà kan àti ààbọ̀ wọn ọ́n.

Ní ti owó ọjà, "Èló ni àpò fúláwà?" kò tó. Béèrè pé, "Èyí tí ẹ rà gbẹ̀yìn, ìgbà wo lẹ rà á, èló sì ni?" kí o kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà. Iye owó tí kò ní ọjọ́ ti kú kí olùkọ́ tó kà á. Lọ bi ẹni mẹ́ta tó ń ta fúláwà ní ọjà, kí o mú iye àárín.

Bí o bá ti jáde síta, má wọ ọkọ̀ kí o tó parí àkọsílẹ̀ rẹ. Wá ibì kan jókòó sí, kọ ohun tí o gbọ́ àti ohun tí o fojú rí sọ́tọ̀ ọ̀tọ̀. Bí ọjọ́ kan bá kọjá, wọ́n á ti dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Nígbà tó bá ku nǹkan kékeré tí o gbàgbé, WhatsApp wúlò, àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta ni kó mọ. Ẹni tí o fi ogún ìbéèrè ránṣẹ́ sí á kà á, kò ní fèsì. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́ dípò kíkọ, kó má kọjá ìṣẹ́jú kan. Oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún fúláwà lè tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́, kó sì fi ohùn tirẹ̀ dáhùn. Má fi ránṣẹ́ láàárín òru nítorí pé òru ni ìwọ ń kàwé.

Ní ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Aṣọ́gèétì kò lè jẹ́ kí o wọlé, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kò sì ní àṣẹ láti sọ nǹkan kan. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò NGX, irú bíi Nestlé Nigeria tàbí Dangote Cement, ń tẹ ìròyìn ọdọọdún jáde: ohun tí wọ́n tà, ohun tí wọ́n ná, iye òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ka ìyẹn tán kó tó di pé o kọ lẹ́tà, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí kò sí nínú rẹ̀ nìkan ni o máa béèrè. Kọ ìméèlì kúkúrú, ìbéèrè márùn-ún ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ọjọ́ tí o nílò ìdáhùn àti lẹ́tà ẹ̀ka. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méje, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá fèsì, kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé o béèrè lọ́jọ́ báyìí, wọn kò dáhùn. Ìyẹn náà jẹ́ èsì. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ kan forúkọ sílẹ̀, CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o ti lè wá orúkọ rẹ̀, kò gba owó.

Òfin kan wà tí o gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023. Orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, owó oṣù rẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀, tirẹ̀ ni. Kò yẹ kó wà nínú ìwé rẹ láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Pe iléeṣẹ́ náà ní Bákẹ́rì A nínú iṣẹ́ rẹ àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ kí orúkọ wọn hàn. Béèrè kí o tó tẹ fóònù láti gba ohùn sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, pa á kí wọ́n rí i pé o pa á. Má ya àwòrán àpò àti pálí tó wà nílẹ̀ láìgbàṣẹ, torí ohun tí wọ́n ń lò àti ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ àṣírí òwò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kíláàsì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 120, ẹ pín in ní márùn-ún márùn-ún, ó di ọ̀wọ́ 24. Ọ̀wọ́ kan, iléeṣẹ́ kan, kí ọ̀wọ́ méjì má lọ síbì kan náà. Kí ẹ̀ka kọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ti gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí sílẹ̀, kí wọ́n lè sinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Kí lẹ́tà wà nílẹ̀ kí ẹ tó fún wọn ní iṣẹ́, torí lẹ́tà tó bá gba ọjọ́ mẹ́wàá lọ́fíìsì HOD ti jẹ ọ̀sẹ̀ méjì náà tán, ohun tí wọ́n bá sì kọ wá fún yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin lẹ fi ìkánjú mú un wá. Ẹ máa wo ìwé tí wọ́n kọ lójúkojú, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lórí rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti tẹ̀ dáadáa nìkan. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ pé "wọn kò sọ èyí fún mi" ní máàkì ju ẹni tó fi irọ́ dí àlàfo rẹ̀ lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, gbé ojú ewé kan padà lọ sí bákẹ́rì náà. Ìṣirò yẹn ni kí o kọ sí i: àpò kan, kílò 85, búrẹ́dì 136, ohun tí búrẹ́dì kan ń ná wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì jókòó ṣírò rẹ̀ rí. Ka á sí wọn létí bí wọn kò bá fẹ́ kà á, kí o mú bírò dání, torí wọ́n á dá ọ dúró níbì kan: "Ṣúgà kílò mẹ́fà yẹn, a ti dín in kù sí márùn-ún láti ìgbà tó ti wọ́n." Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kílò 84 ni ó di, gíráàmù 600, búrẹ́dì 140, yọ márùn-ún, ó ku 135.